Ẹrù Ọmọ Kì Í Ṣe Ẹrù Olè

Ilé Àlàmú,
Ìkòyí-Ilé.

Waliyat, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun bá ọ níbi yòówù tó o jókòó sí ka ìwé yìí. Bó bá jẹ́ orí àga ni, ó dáa. Bó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni, ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì tútù lo tẹ́ ara sí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ, dìde ná kó o tó ka èyí tó kù. Mo kí ọ, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ, mo kí Ọlọ́runṣògo ọkọ rẹ pé ó kú iṣẹ́ wẹ́dà, kó máa fi dígí bo ojú tó bá ń jó irin, nítorí a ò fẹ́ kí bàbá ọmọ máa fi ọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni tìrẹ, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, àmín. Mo ti kí ọ tán. Ó wá kù ká jà.

Mo gbọ́ ohùn tó o dì sínú fóònù Marufat, ìyàwó ilé kejì wa. Ó gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń sá èlùbọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ sì jáde kedere lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. O ní gbogbo ìyá ló ń bá ọmọ wọn di báàgì tí wọ́n á gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, pé ìyá tìrẹ nìkan ni kò ra ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. O ní tó bá jẹ́ pé torí ọkọ rẹ jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni n kò ṣe fẹ́ ọmọ náà, kí n sọ ọ́, kí n sì jókòó sí Ìkòyí mi, pé ìyá ọkọ rẹ á bá ọ dúró. Mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo sọ tẹnu mi fún ọ dáadáa, mo sì dúró kó o bẹ̀ mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí Marufat tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé n kò sọ nǹkan kan. Mo ní Waliyat, èmi ìyá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. O ò dákẹ́. Mo ní ó dáa, parí tìrẹ ná. O parí rẹ̀, o ò sì fèsì ẹyọ kan nínú ohun tí mo bi ọ́. Nígbà tó yá mo ní kí Marufat máa gbé e lọ, nítorí n kò bí ọmọ aláìgbọràn, ìlú ńlá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé. Ṣé o rántí pé ẹ̀yìn ilé ìwé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa lọ́dọ̀ wa, lábẹ́ òpó irin gíga nì? Gbogbo ìlú ló ń lọ síbẹ̀ lọ pe ọmọ wọn, ohùn gbogbo wa ló sì ń gun irin kan náà lọ sókè. Mo rò ó, mo ní bí ohùn tèmi bá pàdé ohùn Ìyá Nùrẹ́nì lókè níbẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n bá ṣi ara wọn gbé sọ̀kalẹ̀? Ọ̀rọ̀ oyún kì í ṣe ohun tí a ń gbé gun òpó. Ìwé ló dáa. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa, Oyèdèjì tó ń wa mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì gbé e fún, ó ní òun á fi lé ẹni tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́wọ́. Tó o bá rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ṣí, Oyèdèjì ti kà á nìyẹn. Oyèdèjì, tó bá jẹ́ ìwọ lò ń kà á báyìí, ojú tì ọ́, ká a padà bó ṣe wà.

Ilé wà dáadáa. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n nígbà òtútù, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó dá wọn dúró nílé, wọ́n ní orúnkún kọ́ ló ni oko. Káṣú ti ń so. Wọ́n ti kun mọ́sáláṣí, ọ̀dà náà kò sì tó, ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì rẹ̀ wà bó ṣe wà, lèmọ́ọ̀mù ní Ọlọ́hun gba ìdajì náà. Ewúrẹ́ alámì ojú nì ti bí mẹ́ta, ó kàn lọ sẹ́yìn odi ni, ó sì kó ọmọ dé, kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó kọ nǹkan rírà fún un. Mo kàn ń sọ ìròyìn ilé fún ọ ni o, n kò fi ọ́ wé ewúrẹ́.

Ìwé ilé ìwòsàn tó o fi ránṣẹ́, Marufat ló kà á fún mi láti inú fóònù, tó ń túmọ̀ rẹ̀. Waliyat, mo ti ń gbọ́ ọjọ́ pípẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú èèyàn, n kò mọ̀ pé èèyàn ló ń tọ́jú ilé ìwòsàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, Ìsáàlì, Dẹ́tọ́ọ̀lù, ọṣẹ ìfọṣọ, òwú, bíléèdì. Mo bi Marufat bóyá ọmọ lo fẹ́ lọ bí àbí ilé ìyàgbẹ́ wọn lo fẹ́ lọ fọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Ó ní wọ́n tún fẹ́ ìbọ̀wọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì á wọ̀. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbọ̀wọ́ ṣe, ṣé ọmọ mi á gún wọn lọ́wọ́ ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ọyẹ́ lè mú lọ́jọ́ náà, ọwọ́ tútù kò sì dáa lára ọmọ, mo bá ra èyí tó nípọn, oníwúùlù, irú tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ò tíì wọ irú rẹ̀ rí ní gbogbo Ọ̀yọ́. Wọ́n tún ní aṣọ rọ́bà tí omi kì í là kọjá, èyí tí wọ́n á tẹ́ sábẹ́ rẹ. Ìyẹn ò le rárá. Tapólì tí mo fi ń sá èlùbọ́ ni mo fọ̀ tí mo ká, ó gbòòrò débi pé ìwọ, àwọn nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó bá wá kí ọ ló máa ríbi jókòó lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní mo rà á. Fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Àwòrán tó tẹ̀lé ìwé náà dé pẹ̀lú. Mo yí fóònù, mo yí orí ara mi, ojú ọ̀run tó ṣú ni mo rí, mo sì sọ fún Marufat pé òjò ti fẹ́ rọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó ní rárá, ọmọ nìyẹn, pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi yà á nínú rẹ lọ́hùn-ún. Mo ní ta ló fún wọn láṣẹ láti ya ọmọ tí kò tíì wẹ̀, tí kò tíì wọṣọ, ní fọ́tò? Kí ló dé tí wọn ò lè ní sùúrù kó jáde, ká lé tìróò sí i lójú, ká wá yà á bí ọmọ èèyàn? Marufat tún ní dókítà ti sọ ọjọ́ tó máa dé. Mo fẹ́ mọ ẹni tó sọ fún dókítà. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ló bá a sọ ọ́, ìwà ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ ọ tó bá dé, nítorí ó yẹ kó kọ́kọ́ kí àwa ẹbí rẹ̀ ná kó tó máa bá àlejò tàkúrọ̀sọ.

Wàyí o, gbọ́ ìdí tí n kò fi gbin nígbà tó ò ń yan kiri pẹ̀lú ìwé rẹ. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ra ẹrù sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì rí ojú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá mi nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ra fìlà ọmọ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́nà, ayé ló ń pè wá wòran. Ilé ìwòsàn ní tiwọn sì ní ẹni tí kò bá gbé báàgì dání kó má wulẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo wá pinnu pé n ó rà á, ṣùgbọ́n ayé ò ní rí i. Kí ohùn rẹ tó jáde nínú fóònù Marufat lọ́jọ́ yẹn, mo ti rà á tán, ó wà lábẹ́ àpò àgbàdo nínú yàrá mi. Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ fi dùn mí wọra nìyẹn.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé mo fẹ́ lọ kí aláìsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Takie ni mọ́tò Oyèdèjì ń já èrò sí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ ra nǹkan ní Takie, nítorí ibẹ̀ ni Comfort ìyá ọkọ rẹ ti ń ta ike, gbogbo ará Ìkòyí tó bá sì sọ̀kalẹ̀ ló ń gba iwájú wọn kọjá. Mo bá kọrí sí Sábó, láàárín àwọn ará Òkè-Ọya, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Kí wọ́n má baà tún rí mi láti ẹ̀yìn kí wọ́n dá mi mọ̀, mo ká híjáàbù mi sínú àpò, mo wé gèlè bí ìyá ìjọ. Àlàájì kan tó ń ta ẹrù ọmọ bi mí pé ta ló fẹ́ bímọ, mo ní aládùúgbò mi kan ni. Ó ṣàdúà fún aládùúgbò náà títí, mo ń ṣe àmín lábẹ́ ọ̀fun. Mo ń ṣa ìbọ̀sẹ̀, mo ń ṣa fìlà, obìnrin kan tó fi híjáàbù bo ara dé orúnkún náà ń ṣa tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Fìlà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló kù tó dáa, àwa méjèèjì sì nawọ́ sí i. Mo fà á, ó fà á. Mo gbójú sókè pé kí n bá a jà, Comfort ìyá ọkọ rẹ ni mo rí nínú híjáàbù!

Comfort o, ọmọ aládúrà láti inú ìyá wá, tó ń wọ aṣọ funfun, tí kì í fi bàtà kan ilẹ̀ ilé ìsìn wọn. Wọ́n ní àna mi, ẹ kú ọjà o, àwọn ń ra nǹkan díẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ nítorí ìkórè. Mo ní ẹ kú ìnáwó o, Marufat ni mo ń rà á fún. Wọ́n ní ha, ṣé Marufat ti lóyún ni? Mo ní kò tíì lóyún. Wọ́n ní ó dáa. Àlàájì bi wá bóyá a mọ ara wa, àwa méjèèjì sì ní rárá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ìyá tó bí àwọn náà kọ́ àwọn pé a kì í rà á sílẹ̀, pé inú ike ńlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù làwọn ń kó o pa mọ́ sí, tí àwọn sì kó àwo lé e lórí. Ìyá ọkọ tó ò ń fi halẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. A wá fẹnu kò pé a ò rí ara wa. Wọ́n fi fìlà aláwọ̀ ewé náà sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo padà dé Takie, wọ́n ti jókòó ti ike wọn, wọ́n ti wọ aṣọ tiwọn, a kí ara wa ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a bèèrè ilé àti ọmọ lọ́wọ́ ara wa, mo sì wọ mọ́tò.

Páńpáàsì ló tú mi fó. O mọ̀ pé a kì í wọ aṣọ tuntun fún ọmọ láìfọ̀ ọ́, ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn ló ti kàn án lọ́jà, eruku ọ̀nà náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ wà lóko, mo da gbogbo páńpáàsì náà sínú abọ́ ìfọṣọ, mo bomi sí i, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mu omi náà tán. Mo tún bomi sí i, ó tún mu ún. Mo ní aṣọ yìí mà fẹ́ràn ìwẹ̀ o, ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ ò ní sá fún omi. Kò pẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi wú tó ìrọ̀rí. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ bí ẹ̀wà kó tó ṣeé lò. Mo sá wọn sórí okùn lẹ́yìn ilé, mo ta ìró bò wọ́n nítorí ayé, okùn náà sì tẹ̀ títí tó fi fẹ́ẹ́ kanlẹ̀. N kò fura o, afẹ́fẹ́ dé, ó gbé ìró mi ju sí àgbàlá Marufat, páńpáàsì wá ń fì lójú oòrùn, funfun báláú. Ọ̀kan bẹ́. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ dà bí ògì tó dì, ó já lu ọmọ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn, ó sì gbé e sá gba ojúde lọ, ó ń ké tòò. Ta ni kò ní jáde?

Ìyá Nùrẹ́nì, ìyá àgbà tó ń gbé iwájú ilé wa, ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní ha, Mùínàt, ẹrù ọmọ nìyí, ẹrù ọmọ lójú oòrùn gangan! Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé ti ìṣáájú ni. Mo fẹ́ sọ pé ti Marufat ni, Marufat pàápàá sì ti lanu láti gbà á mọ́ra fún mi, Ọlọ́hun á fún òun náà lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ìṣáájú yẹn wọ̀ mí lára, irọ́ náà kò sì jáde lẹ́nu mi mọ́.

O ò mọ ti ìṣáájú. Ẹnì kan wà ṣáájú rẹ, Waliyat. Ọkùnrin ni. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, ọmọdé ni mí, inú mi ń dùn ṣìnkìn, mo ra fìlà, mo ra ọ̀já, mo rán aṣọ kékeré kékeré, mo fi ń han gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó dé, ó ké, ó mu ọmú. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tó pé, ara rẹ̀ gbóná. Kò sí mọ́tò lọ́jọ́ náà. Èmi àti bàbá rẹ gbé e rìn, kò sì bá wa dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ẹrù tí mo rà sílẹ̀ ló fà á. Ìyá Nùrẹ́nì wà lára àwọn tó sọ ọ́. Mo gbà, nítorí ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n bá ní òun ló fà á ló máa gbà. Mo kó ẹrù náà sínú àpótí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo lóyún tìrẹ, n kò ra abẹ́rẹ́. Ọjọ́ tó o dé, kò sí aṣọ tí a ó fi gbà ọ́, bàbá rẹ ló bọ́ bùbá ọrùn wọn. O fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, o ní ìṣẹ́ ilé wa pọ̀ débi pé bùbá bàbá rẹ lo kọ́kọ́ wọ̀ láyé, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìṣẹ́, ọmọ mi. Àyà wa ló ń já.

Mo wá dúró lábẹ́ okùn yẹn. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Nùrẹ́nì ná, nítorí àgbà ni wọ́n, mo sì sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní Waliyat ọmọ mi lóyún, pé Ọ̀yọ́ ni yóò bí i sí, pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo ra gbogbo ohun tí wọ́n ń wò yìí, n ó sì tún rà sí i. Mo ní ẹrù ọmọ kì í ṣe ẹrù olè tí n ó fi máa rì í mọ́ abẹ́ àgbàdo. Mo ní ìbọ̀sẹ̀ kì í pa ọmọ, fìlà kì í pa ọmọ, ibà ló pa ọmọ mi, àti mọ́tò tí kò sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún dárúkọ fìlà fún mi mọ́. Mo ní ayé tó bá fẹ́ wòran kó wá wò ó tẹ́rùn, èmi náà á gbé àga fún un. Mo sì wọlé, mo gbé àga jáde lóòótọ́. Ìyá Nùrẹ́nì wo àga náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n jókòó. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu. Mo fún wọn.

Ìgbà tí mo ti ń jà náà ni mo bá kúkú jà á dópin. Mo fa àpótí yẹn jáde kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káńfọ̀ ló ń rùn. Fìlà ti pọ́n díẹ̀, kòkòrò ti lu aṣọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀já dáa, ó dáa bí ọjọ́ tí mo rà á. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ páńpáàsì. Bàbá rẹ ti oko dé, wọ́n dúró, wọ́n wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì mú bùbá kan jáde, èyí tí mo rò pé ó ti di ìnulẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bùbá tí a fi gbà ọ́ ni. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà, n kò sì mọ̀. Fúnra wọn ni wọ́n sá a sórí okùn, wọ́n na ọrùn rẹ̀ kó má baà ká, wọ́n wá bèèrè oúnjẹ.

Báàgì ti kún báyìí. Kì í ṣe èyí tó ní táyà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń fà kiri o, Gánà-mọ́ọ̀sì-gò ni, èyí tó tóbi jù. Ìsáàlì wà níbẹ̀, òwú àti bíléèdì wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn. Tapólì kò wọlé, orí mọ́tò ni Oyèdèjì á dì í mọ́. Mo gbọ́ pé o ti ra táwẹ́ẹ̀lì tuntun tó ní òdòdó. Ó dáa, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìró mi àtijọ́ tó ti rọ̀ jọ̀jọ̀ ni wọ́n á fi nu ọmọ náà, kó o fi táwẹ́ẹ̀lì rẹ nu ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí mo dì í tán, mo gba fóònù Marufat, mo lọ sí ìdí òpó irin, mo pe Comfort, mo sì pariwo dáadáa kí gbogbo ohùn tó ń gun irin lọ lè gbọ́. Mo ní àna mi, ẹ kó tiyín jáde lábẹ́ àwo! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá sunkún díẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n ní àwọn á kó o síwájú ṣọ́ọ̀bù, pé ẹni tó bá fẹ́ ra ike ní Takie á kọ́kọ́ rí ìbọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, a ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni n ó kúrò nílé, n ó gbé Comfort ní Takie, a ó jọ máa bọ̀ ní Ọ̀yọ́. O ní ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn ń gbà láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rọbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì wo èmi àti Comfort, kó mú ẹni tó máa lé nínú àwa méjèèjì, kó sì lé e tó bá lè ṣe é. Àwọn á máa ka Sáàmù wọn, èmi á máa ka Yáàsíìnì mi, Ọlọ́hun tó ni ọmọ kì í ṣe adití. À báà gúnyán nínú ewé, à báà sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ọ̀rọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó o sọ nínú fóònù yẹn, má ṣe jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́, àní tí Marufat bá tún tẹ̀ ẹ́, kó o fo ibẹ̀.

Owó díẹ̀ ni n ó tún tọrọ, nítorí páńpáàsì tí mo fọ̀ kò gbẹ mọ́ láti ọjọ́ náà, ewúrẹ́ ò sì jẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Fi owó ránṣẹ́ kí n ra òmíràn, kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Má fi owó náà sínú fóònù Marufat o, ojú fóònù rẹ̀ ti sán, owó lè jò dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oyèdèjì ni kó o fi rán, òun la mọ bó ṣe ń jí nǹkan.

Ọlọ́hun tó mú mi rí ọ á mú ọ rí tìrẹ. Wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni ìwọ náà á sọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lo máa fi rìn jáde nílé ìwòsàn náà, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ, ọ̀já ẹ̀gbọ́n rẹ la ó fi gbé e pọ̀n. Bùbá bàbá rẹ ló wà lórí gbogbo ẹrù nínú báàgì, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á, kì í ṣe nítorí pé kò sí aṣọ mìíràn lọ́tẹ̀ yìí. Tí mo bá pẹ́ lọ́nà tó bá sì kọ́kọ́ dé, bá mi sọ fún un pé kò bá wa lójijì. À ń retí rẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀, aṣọ rẹ̀ sì ti gbẹ lórí okùn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bọ̀,
Mùínàt, ìyàwó Àlàmú.